Kíka Ìgbẹ́ Ológbò: Ìtọ́sọ́nà sí Ìlera Inú àti Ìfun Ológbò Ilé

Ológbò jẹ́ ẹranko tó máa ń fi àìsàn pa mọ́. Ó lè máa jẹun, kó máa fi ara nu ẹsẹ̀ ẹni tó ń sìn ín, nígbà tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nínú ìfun rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Inú ìgbẹ́ rẹ̀ ni àyípadà náà ti sábà máa ń kọ́kọ́ hàn, nítorí náà ẹni tó ń kó ìgbẹ́ kúrò nínú àwo yanrìn tí ológbò ń yàgbẹ́ sí lójoojúmọ́ ní ìròyìn lọ́wọ́ tí dókítà ẹranko pàápàá kò ní, bí ó bá ṣáà ti mọ ohun tó yẹ kí òun wò. Ìgbẹ́ ẹyọ kan kò tó láti fi ṣèdájọ́. Ẹ ní láti fi wé bí ti ológbò tiyín gan-an ṣe máa ń rí, kí ẹ sì wò ó pọ̀ mọ́ oúnjẹ tó ń jẹ, omi tó ń mu, ìwúwo ara rẹ̀ àti ìṣesí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ara rẹ̀ le

Ìgbẹ́ tó dára máa ń ní àwọ̀ búráùn, ó máa ń rí gbọọrọ, ó máa ń dì dáadáa láìjẹ́ pé ó le koránkorán, ó sì máa ń ní ọ̀rinrin díẹ̀, tó fi jẹ́ pé yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e, kò ní fọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ológbò ń yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Àwọn kan ń yà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn mìíràn sì lè fo ọjọ́ kan láìsí pé ohunkóhun ṣe wọ́n. Ọmọ ológbò máa ń yà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko ń lo òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 7 fún ìgbẹ́: 1 ni kóró gbígbẹ tó le, 2 sí 3 ni èyí tí a ń fẹ́, 7 sì ni èyí tó ti di omi pátápátá. Bí ẹ bá ń lo nọ́ńbà yìí nínú àkọsílẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú dókítà á yára yéra ju kí ẹ kàn máa sọ pé “ó rọ̀ díẹ̀” lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ara ológbò náà dá ṣáṣá, ẹ kọ iye ìgbà tó yàgbẹ́, bí ó ṣe rí, àti oúnjẹ tó jẹ sílẹ̀. Ẹ wọn ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù: ẹ gun òṣùwọ̀n láìgbé e, ẹ tún gbé e gùn ún, kí ẹ wá yọ ìkíní kúrò nínú ìkejì. Ológbò oníkílò 4 tó bá fi gíráàmù 400 rù ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀, ojú lásán kì í sì í sábà rí i, pàápàá lára èyí tí irun rẹ̀ pọ̀.

Bí ológbò bá ju ẹyọ kan lọ nínú ilé, gbogbo èyí kò ní wúlò àyàfi tí ẹ bá mọ ẹni tó ni ìgbẹ́. Ẹ ya èyí tí ẹ ń fura sí sọ́tọ̀ nínú yàrá kan fún ọjọ́ kan tàbí méjì, pẹ̀lú àwo yanrìn tirẹ̀, oúnjẹ àti omi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ rí i dájú pé ìgbẹ́ ló ń wá, kì í ṣe ìtọ̀

Mo fi èyí ṣáájú àwọn ìgbésẹ̀ tó kù nítorí pé ó lè pa ológbò. Nígbà tí ológbò bá ń wọ inú àwo yanrìn léraléra, tó ń lóṣòó, tó ń fi agbára tì, tó sì ń ké, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ìgbẹ́ ló há a, wọ́n á sì máa wá oògùn tí yóò jẹ́ kó yà. Ó lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló dí. Akọ ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù lọ, nítorí pé ọ̀nà ìtọ̀ tiwọn tín-ín-rín. Bí ìtọ̀ kò bá rí ọ̀nà jáde, kíndìnrín kò ní lè ṣiṣẹ́, èròjà potassium á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ yẹ yanrìn wò bóyá ibi tó tutù tàbí ìṣù ìtọ̀ tuntun wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ ní wákàtí yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo bí ó ti pọ̀ tó àti bí ó ti rọ̀ tó

Oríṣi méjì ni ìgbẹ́ gbuuru, mo sì gbà pé mímọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni ohun tó wúlò jù lọ tí ẹ lè gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà. Èyí tó ti ìfun kékeré wá máa ń pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí ológbò ń yà kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í sì í tì. Ìfun kékeré ni ara ti ń fa èròjà oúnjẹ, nítorí náà bí àìsàn bá pẹ́ níbẹ̀, ológbò á máa rù, irun rẹ̀ kò ní dán mọ́, ó sì ṣeé ṣe kó máa bì. Èyí tó ti ìfun ńlá wá yàtọ̀: ológbò á máa lọ sídìí àwo ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́, á máa tì, á máa yọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń yọ̀ bí ikun á bo ìgbẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ pupa sì lè wà ní òpin rẹ̀. Omi ni ìfun ńlá ń fà kúrò nínú ìgbẹ́ ní tirẹ̀, nítorí náà ológbò tí ìfun ńlá nìkan ń dà láàmú kì í sábà rù. Àwọn ìgbà mìíràn wà tí méjèèjì máa ń dà pọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín; ẹ kàn kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀.

Ní òdìkejì ni ìgbẹ́ tó le, tó gbẹ, tó ń jáde ní kóró kóró. Àìtó omi ló sábà máa ń fà á, ìdí tí omi kò fi tó sì lè jẹ́ àìsàn kíndìnrín, tó wọ́pọ̀ lára àwọn arúgbó ológbò. Ó tún lè jẹ́ pé oríkèé ń dùn ún tó fi jẹ́ pé lílóṣòó nínú àwo ti di ìyà fún un, tàbí pé egungun ìbàdí rẹ̀ ti fọ́ rí tí ọ̀nà sì dín, tàbí kó jẹ́ pé àwo náà dọ̀tí tó fi ń fà á sẹ́yìn. Ìgbẹ́ tó bá pẹ́ nínú ìfun ńlá á túbọ̀ máa gbẹ sí i, á sì máa na ìfun náà, títí tí ìfun á fi fẹ̀ jù, tí kò sì ní lágbára láti tì mọ́. Ìyẹn ṣòro láti wò. Bí wákàtí 48 bá kọjá tí kò yà rárá, ẹ pe dókítà.

Ohun kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ níbí. Nígbà tí ìgbẹ́ líle bá há sínú ìfun, omi díẹ̀ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ẹni tó ń sìn ín á sì rò pé ìgbẹ́ gbuuru ni. Ológbò tó ń tì gidigidi tí omi ìgbẹ́ díẹ̀ péré ń jáde lára rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń fún ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀

Ìgbẹ́ tó dúdú, tó ń dán, tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ dá mọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti dà nínú ikùn tàbí ní òkè ìfun ló máa ń mú un rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹran tàbí oògùn tí irin wà nínú rẹ̀ lè mú ìgbẹ́ dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ di bí ọ̀dà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ti ibi tó sún mọ́ ìdí wá. Ìlà pupa kan lára ìgbẹ́ líle, tí kò tún padà wá mọ́, lè jẹ́ nítorí pé ó tì jù. Èyí tó bá padà wá tàbí tó pọ̀ gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún dókítà.

Ìgbẹ́ tó ṣì, tó rí bí amọ̀ funfun, ń fi hàn pé omi òróòro, tó ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀ rẹ̀, kò dé inú ìfun. Ẹ wo ẹyinjú rẹ̀, èrìgì rẹ̀ àti inú etí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀dọ̀ tàbí ọ̀nà òróòro ló ní ìṣòro, ọ̀ràn náà kò sì gba ìdúró. Ìgbẹ́ tó pọ̀ gan-an, tó ń rùn kọjá ààlà, tí ọ̀rá sì hàn lára rẹ̀ ń sọ pé oúnjẹ kò dà, pàápàá bí ológbò náà bá ń jẹun gan-an síbẹ̀ tó ń rù. Ní ti àwọ̀ ewé tàbí ìyeyè lásán, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ìgbẹ́ náà yára kọjá nínú ìfun, tàbí pé aró oúnjẹ ló fà á.

Lẹ́yìn àwọ̀, ẹ wá aràn. Aràn gbọọrọ máa ń funfun, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, a sì máa ń rí i nínú ìgbẹ́ tàbí nínú èébì. Ọmọ ológbò lè mu ún mọ́ wàrà ìyá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ikùn àwọn ọmọ kan fi máa ń rí róńdó. Aràn pẹlẹbẹ máa ń já sí wẹ́wẹ́, àwọn ègé kéékèèké wọ̀nyí á sì lẹ̀ mọ́ irun tó wà yí ihò ìdí ká bí hóró ìrẹsì. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ lè rí i tí wọ́n ń rìn. Ológbò ń kó èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn nípa gbígbé kòkòrò tó ń fò nínú irun rẹ̀ mì nígbà tó bá ń lá ara rẹ̀, ó sì ń kó òmíràn láti ara eku tó pa jẹ. Bí ẹ bá rí hóró wọ̀nyí, ẹ sọ fún dókítà dandan, nítorí pé àyẹ̀wò ìgbẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò kì í sábà rí ẹyin aràn pẹlẹbẹ. Ẹ má sì ṣe sọ pé aràn kò sí nítorí pé ojú yín kò rí i: ẹyin kò ṣeé fi ojú lásán rí, àwọn kòkòrò bíi Giardia àti coccidia kéré ju kí ojú rí wọn lọ, gbogbo wọn sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru lára ọmọ ológbò.

Irun díẹ̀ nínú ìgbẹ́ kì í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí òwú, okùn tàbí rọ́bà bá yọ ní ihò ìdí rẹ̀, ẹ má fà á. Apá kan rẹ̀ lè ti há sí ikùn tàbí sábẹ́ ahọ́n, bí ẹ bá sì fà á, okùn náà á kó ìfun jọ, á sì gé e lọ́nà púpọ̀. Iṣẹ́ abẹ ni èyí máa ń já sí, bí ó bá sì yá, ó sàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá ohun tó yí padà

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè nípa ọjọ́ mẹ́wàá tó ṣáájú. Ṣé ẹ pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ lójijì? Ó yẹ kí ìpààrọ̀ oúnjẹ gba ọjọ́ méje sí mẹ́wàá: ìdá kan nínú mẹ́rin oúnjẹ tuntun pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìdajì, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó tó wá jẹ́ tuntun nìkan. Ṣé ẹnìkan fún un ní wàrà màlúù? Ọ̀pọ̀ àgbà ológbò kò ní èròjà tó ń da ṣúgà inú wàrà mọ́ tó bí ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ, wàrà yìí á sì fa omi sínú ìfun wọn. Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn apakòkòrò bakitéríà, ṣé ẹ kó lọ sí ilé tuntun, àbí ẹranko mìíràn wọ inú ilé? Gbogbo wọ̀nyí lè dá ìfun rú.

Ọjọ́ orí náà ń tọ́ka sí ibi kan. Lára ọmọ, ẹ kọ́kọ́ fura sí aràn àti àwọn kòkòrò tín-ín-rín. Bí kò bá sì tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí kò sì jẹun, ó lè jẹ́ àrùn panleukopenia, tó máa ń pa ọmọ ológbò kíákíá. Lára èyí tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, tó ń jẹun púpọ̀ síbẹ̀ tó ń rù, dókítà á fẹ́ wo thyroid, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó wà ní ọrùn, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ jù. Ìgbẹ́ gbuuru tó bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti di àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, lára ológbò èyíkéyìí: ó lè jẹ́ oúnjẹ tí ara rẹ̀ kò gbà, ìfun tó wú, tàbí jẹjẹrẹ ìfun, àwọn méjì tó gbẹ̀yìn sì jọra débi pé àyẹ̀wò ẹran ara ìfun ni a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Àgbà ológbò tó ń ta kébékébé, tó ń jẹun, tí kò bì, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì sí nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ lè ṣọ́ ọ fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ dá àwọn ìpanu dúró, ẹ fún un ní oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà púpọ̀, kí omi tútù sì wà ní ibi púpọ̀. Ẹ má ṣe fi ebi wò ó. Àwọn kan ṣì ń gbani nímọ̀ràn pé kí inú ológbò sinmi fún ọjọ́ kan láìjẹun, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn: ológbò tí kò jẹun, pàápàá tó bá sanra, lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá jọ sínú ẹ̀dọ̀ láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, àìsàn yẹn sì burú ju ìgbẹ́ gbuuru lásán lọ.

Oògùn ènìyàn kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀. Paracetamol ń pa ológbò, kódà ìdajì kóró kan ti pọ̀ jù. Ibuprofen náà léwu. Àwọn oògùn inú rírun tí wọ́n ní bismuth ní èròjà tó bá aspirin tan, tí ara ológbò kò lè tètè lé jáde. Bákan náà, ẹ má fi oògùn ìfọdí tí wọ́n ṣe fún ènìyàn sí ìdí rẹ̀, nítorí èyí tí ó ní sodium phosphate lè pa á, ẹ má sì da òróró sí i lẹ́nu ní tipátipá, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Àlùbọ́sà àti aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, wọn kì í ṣe oògùn aràn.

Fún èyí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń le, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún. Oúnjẹ inú agolo ní omi tó bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, nígbà tí oúnjẹ gbígbẹ kò ní ju bí ìdá kan lọ nínú mẹ́wàá, nítorí náà ìpààrọ̀ yìí nìkan lè mú ìyàtọ̀ ńlá wá. Ẹ jẹ́ kí àwo yanrìn pọ̀ ju iye ológbò lọ ní ẹyọ kan, kí ẹnu rẹ̀ má sì ga jù fún arúgbó.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbà tí ó di dandan láti lọ

Ẹ má dúró bí ológbò náà bá jẹ́ ọmọ, tàbí tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru pọ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà tàbí kún fún ẹ̀jẹ̀, tàbí tí kò jẹun fún ọjọ́ kan gbáko, tàbí tó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò fẹ́ dìde. Ẹ rọra fa awọ èjìká rẹ̀ sókè: bí kò bá tètè padà, tí èrìgì rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ìka, omi ti ń tán lára rẹ̀. Ooru ara ológbò máa ń wà láàárín 38 sí 39.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó bá jìnnà sí i lókè tàbí nísàlẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń dá wò nílé.

Ẹ mú ìgbẹ́ dání. Ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan tó, kó jẹ́ tuntun tí kò tíì pé wákàtí 24, nínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ sì fi sínú fíríìjì bí ẹ kò bá ní lọ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni Giardia máa ń jáde, nítorí náà dókítà lè ní kí ẹ kó ti ọjọ́ mẹ́ta jọ. Ẹ ya fọ́tò ìgbẹ́ náà pẹ̀lú. Kò sí dókítà ẹranko tí yóò rẹ́rìn-ín yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ parí ìtọ́jú, ẹ sì tọ́jú ibi tó ń yàgbẹ́ sí

Bí dókítà bá ní kí ẹ dán oúnjẹ tuntun wò, oúnjẹ yẹn nìkan ni kó wọ ẹnu rẹ̀, títí kan ìpanu àti ohun tí wọ́n fi ń pa adùn oògùn dà. Lára ọ̀pọ̀ ológbò tí oúnjẹ ń dà láàmú, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ẹnìkan nínú ilé tó ń fún un ní jíjẹ lábẹ́lẹ̀ lè sọ gbogbo rẹ̀ di òfo. Oògùn aràn náà ní ìgbà tirẹ̀: ọmọ ológbò á máa gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbà tó ń jáde síta á sì máa gbà á ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Aràn pẹlẹbẹ á padà wá bí ẹ kò bá pa kòkòrò inú irun, ẹ má sì lo oògùn kòkòrò ti ajá, nítorí permethrin tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ń pa ológbò.

Ẹ máa kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́. Ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò Toxoplasma lè máa yọ ọ́ jáde nínú ìgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ohun tó yọ náà kò lè ran ènìyàn títí tí ó fi lo ọjọ́ kan sí márùn-ún níta, nítorí náà ìgbẹ́ tí ẹ bá kó lọ́jọ́ tó jáde kò tíì ní agbára láti ṣe ibi. Kí aboyún àti ẹni tí agbára ìdènà àrùn ara rẹ̀ kò tó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn ṣe é. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, kí wọ́n lo ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àwo náà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó da yanrìn tuntun sí i.